Ohùn Tó Wà Lẹ́nu Bàbá Káóbọ́ì

Bí ẹ bá dé Dutse Alhaji tí ẹ sì béèrè ilé Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayọ̀, wọn yóò kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Bàbá Káóbọ́ì, kíá ni ọlọ́kadà, ìyá alákàrà, àti mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ pàápàá yóò na ọwọ́ sí géètì aláwọ̀ ewé kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ ó bá bàbá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tòun ti fìlà gbàràgàdà rẹ̀. Yóò wò yín láti abẹ́ fìlà náà, yóò fi ìka kan ti etí fìlà sókè díẹ̀, yóò sì dákẹ́. Ìkíni rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan ti bá a bínú títí. Wọ́n ní ìgbéraga ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé nítorí ó ṣe fíìmù láyé àná, kò lè la ẹnu kí èèyàn bíi tirẹ̀ mọ́. Irọ́ gbuu! Ọkùnrin yìí kò gbéraga rí. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn pé ẹni tó bá búra fún ọ̀rẹ́, tó sì pa ìbúra náà mọ́ títí irun orí rẹ̀ fi funfun, onítọ̀hún kì í ṣe agbéraga.

Ìsánlú ni wọ́n bí i sí, nílẹ̀ Okun, níbi tí wọ́n ti ń fi “Okun o” kí ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lójú ọ̀nà oko. Nígbà tó wà ní kékeré, ọkọ̀ sinimá ìjọba a máa wá sí pápá ilé ìwé wọn. Wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọ́n á kọ́kọ́ fi bí a ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá hàn wọ́n, gbogbo èèyàn á máa yán. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá gbé fíìmù káóbọ́ì sí i. Háà! Òyìnbó kan wà nínú àwọn fíìmù yẹn, géńdé ọkùnrin tí ejìká rẹ̀ fẹ̀, tí kì í kánjú rìn, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó lè wọ ilé ọtí tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ kún fọ́fọ́, kó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa wò wọ́n, kí gbogbo wọn sì dákẹ́ rọ́rọ́. Bámiṣayọ̀ kò gbọ́ ẹyọ kan nínú òyìnbó tó ń sọ. Àwọn tíṣà tó jókòó níwájú pàápàá kò gbọ́, wọ́n kàn ń mi orí ni. Ṣùgbọ́n ó rí ìrìn náà, kò sì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bẹ́ẹ̀ lọ sódò, tó ń rọra gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà, bóyá ẹ̀gún wà níbẹ̀.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin. Ibẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ nílé olówó kan tó ń sin ẹṣin. Ó ń gé koríko, ó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin, ó ń wẹ̀ wọ́n, títí ó fi di pé òun gan-an ló ń gùn wọ́n lọ mu omi. Adébíyì, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn onítíátà, ló rí i níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ káóbọ́ì ti gba orí ọ̀gá yìí kan. Ó fẹ́ ṣe tiwa: ọkùnrin kan ṣoṣo lórí ẹṣin, ìlú kékeré tí àwọn jàǹdùkú ti gbà, eruku, ìbọn ṣakabùlà. Gbogbo òṣèré tó gbé sórí ẹṣin ló ti ṣubú, ọ̀kan tilẹ̀ ti dá lápá. Bó ṣe dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ro ti ara rẹ̀, ó rí ọmọkùnrin Okun yìí tó ń bọ̀ láti odò lórí ẹṣin tí kò ní gàárì, tó ń wò yíká jẹ́jẹ́ bí onílẹ̀. Ọ̀gá Adébíyì ké pé, “Má sọ̀kalẹ̀! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tíì sọ̀kalẹ̀!”

Bó ṣe di òṣèré nìyẹn. Kámẹ́rà kò yà á lẹ́nu, ẹṣin kò ṣe agídí sí i. Tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, tó fi fìlà bo ojú díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé iná pàápàá á gbàgbé iṣẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kù síbì kan. Kámẹ́rà tí wọ́n ní nígbà náà ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, wọn kì í sì í gba ohùn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán. Wọ́n á ya àwòrán tán ná, wọ́n á wá kó àwọn òṣèré lọ sí yàrá kan ní Ìbàdàn, kí kálukú máa wo ara rẹ̀ lára ògiri, kó sì máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

Ọjọ́ tí Bámiṣayọ̀ la ẹnu nínú yàrá yẹn, ọ̀gá fi ọwọ́ bo ojú. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Kò bá ejìká rẹ̀ mu, kò bá ẹṣin mu, kò bá nǹkan kan mu. Èyí tó tún wá burú ni pé jagunjagun tó ń ṣe, ọmọ Ọ̀yọ́ ni nínú ìtàn, gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, Ìsánlú ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ, kò bọ́ sí i. Àwọn òṣèré yòókù ń fi etí aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ojú sì ń ti ọmọ ọlọ́mọ.

Tájù wà ní igun yàrá náà. Tájù kì í ṣe òṣèré rárá. Ó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló wá kí. Ó ti wo ìyà yìí títí, ló bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sọ gbólóhùn náà láti ibi tó jókòó sí: “Ẹ kúrò ní ìlú yìí kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá kù síbẹ̀, èmi ni yóò bá.” Gbogbo ojú yí padà. Ohùn náà jinlẹ̀, kò yára, àyà lèèyàn ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ kó tó dé etí. Ó sì bọ́ sí ẹnu Bámiṣayọ̀ tó wà lára ògiri bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń gbé tẹ́lẹ̀.

Tájù ní òun kò ṣe. Bàbá òun, alfa ńlá ní Ìsẹ́yìn, ti mú òun búra kí òun tó kúrò nílé pé òun kò ní bá àwọn onítíátà da nǹkan pọ̀, ojú ẹnikẹ́ni kò ní rí òun nínú sinimá. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́. Bámiṣayọ̀ náà bẹ̀ ẹ́, nítorí ó mọ̀ pé bí wọn kò bá rí ohùn, wọn yóò wá ẹlòmíràn sórí ẹṣin. Tájù ro ó títí. Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹnikẹ́ni kò ní rí mi. Wọn kò ní kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ẹ ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni láyé. Bí èyí bá dé etí bàbá mi, mo gbé.” Bámiṣayọ̀ ló kọ́kọ́ di Bíbélì mú. Nínú gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, òun àti Modúpẹ́, ọmọbìnrin tó ń rán aṣọ fún wọn, tó wá di aya rẹ̀, ló kù láyé báyìí.

Bí wọ́n ṣe wá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ó wù mí láti ròyìn rẹ̀. Kí wọ́n tó ya fíìmù kankan, Tájù á wá jókòó ti Bámiṣayọ̀, á máa wò ó bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń rojọ́, kó lè mọ ibi tó ti ń mí. Á ní, “Níbí yìí, dúró díẹ̀. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kí o tó pa ẹnu dé.” Tí wọ́n bá wá dé Ìbàdàn, á máa bá a mí lára ògiri. Modúpẹ́ máa ń bínú pé Tájù mọ èémí ọkọ òun ju òun lọ. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ń ṣe, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Àwọn fíìmù náà gbòde. Láti Ìbàdàn dé Òkè-Ògùn, láti Ìlọrin dé Kabba, wọ́n ń fi wọ́n hàn ní gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn á to láti ọ̀sán. Nínú gbogbo wọn, bákan náà ni: ó máa wọ ìlú, ó máa dákẹ́, ó máa bá wọn jà, opó kan á fẹ́ kó dúró, kò ní dúró, ó máa gun ẹṣin lọ. Nígbà kan, ara rẹ̀ fẹ́ ìyípadà, ó bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí òun ṣe lọ́yà nínú eré kan, tòun ti kóòtù dúdú. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde ní Ṣakí, kò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí ẹnì kan fi pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Lọ́yà, ẹṣin rẹ dà?” Gbogbo gbọ̀ngàn tú sí ẹ̀rín. Kò dán an wò mọ́.

Ohun tó ná an ni pé kò lè sọ̀rọ̀ níta. Ìgboro kì í jẹ́ kó rìn: “Ẹ sọ̀rọ̀ fún wa! Ẹ ní kí wọ́n kúrò nílùú!” Bó bá la ẹnu, wọn yóò gbọ́ ohùn tín-ín-rín, wọn yóò béèrè ẹni tó ni èkejì. Ló bá ń ti fìlà sókè, ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí wọ́n bá wá fúngun mọ́ ọn, á fi ọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun, á ṣe “uhn, uhn.” Ọ̀fìnkìn. Ẹ gbọ́ mi, ọkùnrin yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ọ̀fìnkìn! Àwọn obìnrin ń gbé ewé efinrin wá fún un. Nígbà tí ọ̀gá Adébíyì kú, tí kò sí ẹni tó fẹ́ máa bọ́ ẹṣin nítorí fíìmù mọ́, ó rí iṣẹ́ ìjọba, ó sì bá wọn ṣí wá sí Abuja nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ń kó kúrò l'Ékòó. Dírẹ́bà ni ní mínísírì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Níbẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni, sà, bẹ́ẹ̀ kọ́, sà, ọ̀fìnkìn.

Tájù náà wá sí Abuja. Gwagwalada ló ti ṣe iṣẹ́ tíṣà, ibẹ̀ ló kọ́lé sí, òun ló sì ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn jámáà ti wá wà lára rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ládàánì wọn ló ń lé jàǹdùkú kúrò nílùú nínú fíìmù. Kò gba fíìmù láàyè nílé rẹ̀. Nígbà Iléyá, Bámiṣayọ̀ á lọ bá a jẹ ẹran. Nígbà Kérésì, òun náà á wá. Wọ́n á jókòó sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n á sọ̀rọ̀ àtijọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Tájù. Ó mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó mú ẹsẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ wá sílé wọn ní Dutse. Fẹ́yìsayọ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ará Okun tó wà ní agbègbè yẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó kúnlẹ̀. “Okun o, bàbá. Okun o, màmá.”

Bàbá ti fìlà sókè.

“Bàbá, ẹgbẹ́ fẹ́ yẹ́ yín sí ní ìpàdé wa ní Kubwa, ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀. A ti rí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. A máa fi han gbogbo èèyàn. Àwọn ọmọ wa tí kò lè sọ èdè ilé mọ́, a fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ wa ló ṣe nǹkan báyìí.”

Inú bàbá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ la ẹnu. Modúpẹ́ yára bọ́ sí i. “Ó ṣé o, ọmọ mi. Ọ̀fìnkìn yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n lè dá ọ lóhùn.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ o.” Fẹ́yìsayọ̀ ń fi ọwọ́ pa báàgì rẹ̀ lára. “Àwọn àgbà kan láàárín wa ní ẹ kì í ṣe ọmọ Okun. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn yín nínú fíìmù náà, pé ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, pé ẹ kàn ń fi orúkọ wa ṣayé ni. Mo bá wọn jà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dìde lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi èdè ilé kí ilé. Tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹnu wọn á pa mọ́.”

Lẹ́yìn tó lọ, bàbá ṣí fìlà, ó gbé e lé itan. Ẹ wo wàhálà! Bó bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ní kì í ṣe tiwọn. Bó bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ Tájù nínú fíìmù tán, ọmọ ọwọ́ pàápàá yóò mọ̀ pé ohùn méjì ni, wọn yóò sì bi í pé ta ló ni èyí tó jinlẹ̀. Òun yóò di olè, Tájù yóò di ẹni ìtìjú lórí ibùsùn àìsàn. Ó sì wù ú, ó wù ú dọ́kàn, kí àwọn ará ilé òun gbọ́ ohùn òun kí òun tó kú. Omi ti wà lójú rẹ̀.

Modúpẹ́ ń wò ó. “Bàbá Rẹ̀mí, ẹ lọ bá Tájù. Bàbá tó mú un búra ti kú. Ẹ ní kó tú yín sílẹ̀.”

“Tájù tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́?”

“Ó ní etí tó fi ń gbọ́, ó ní orí tó lè mì. Ẹ dìde, ẹ lọ.”

Ó lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tó wọ̀ ní Zuba, awakọ̀ wò ó nínú dígí, ó ní, “Kai! Bàbá Káóbọ́ì! Sànnu, sà!” Gbogbo èrò yíjú padà, obìnrin kan sì ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ sínú fóònù òun kí ọkọ òun gbọ́. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀fun, ó wúkọ́. Ó ń rò ó bí wọ́n ṣe ń lọ pé bí Tájù bá tú òun sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún pariwo òun nínú bọ́ọ̀sì mọ́. Ó ti rò pé kò ní dun òun. Ó dùn ún.

Kó tó wọ ilé Tájù, ó ṣí fìlà, ó fi sínú ọ̀rá, bó ṣe máa ń ṣe. Nínú ilé yẹn, kì í ṣe káóbọ́ì. Ọ̀rẹ́ bàbá ni, ará Dutse, dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì. Àbdùlsàmàd, ọmọ Tájù tó ń kọ́ni ní yunifásítì, dọ̀bálẹ̀ kí i, ó mú un wọ yàrá. Tájù wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mì, nǹkan kan kò jáde.

“Tájù, èmi ni,” Bámiṣayọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́. Ilé yìí àti ilé tirẹ̀ nìkan ni ibi tó ti ń lò ó.

Ó jókòó, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ọwọ́ tí àrùn kò mú. Ó ń retí kí Àbdùlsàmàd jáde kí òun lè rojọ́ òun. Ọmọ náà kò jáde. Ó ń fi ṣíbí fún bàbá rẹ̀ ní ògì, ó ń nu àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń sọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó gbé abọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣe.

“Bàbá, ẹ mọ ohun tó ń dùn mí jù? Ìrìn kọ́. A máa gbé wọn. Ohùn wọn ni. Dókítà ní kí a má retí rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣáà mọ irú ohùn tí wọ́n ní. Tí wọ́n bá ń pe ìrun, àwọn awakọ̀ tó ń kọjá á paná ọkọ̀. Mo ti wá gbogbo fóònù inú ilé yìí, mo ti bi gbogbo àwọn ará mọ́sálásí. Kò sí. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ohùn wọn sílẹ̀ rí. Tí a bá ti gbé fóònù sókè báyìí, wọ́n á dákẹ́. Ọmọ mi tó kéré jù yóò dàgbà, kò ní mọ bó ṣe rí.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Èmi gan-an, ó ti ń kúrò létí mi. Láàárọ̀ yìí mo jókòó, mo fẹ́ rántí bí wọ́n ṣe máa ń pe orúkọ mi. Mi ò gbọ́ ọ mọ́, bàbá. Mi ò gbọ́ ọ mọ́.”

Ọkùnrin tó ń kọ́ni ní yunifásítì bú sẹ́kún bí ọmọdé, kò bo ojú rẹ̀.

Láti Dutse ni Bámiṣayọ̀ ti ń ka ohun tó fẹ́ sọ sórí: ará ilé mi, orúkọ mi, ohùn mi. Gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Fóònù tó wà nínú àpò rẹ̀ wúwo bí òkúta. Nínú rẹ̀ ni ohun tí ọmọ yìí ń sunkún lé lórí wà, èyí tí Fẹ́yìsayọ̀ fi ránṣẹ́, ohùn Tájù lẹ́nu òun Bámiṣayọ̀. Ó wo Tájù. Omi ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ojú kan. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.

“Tájù,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ ti Ìbàdàn.”

Ojú Tájù sáré wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ yìí. Mo búra fún ọ, mi ò sì tíì sọ ọ́ rí. Bí o kò bá fẹ́, fún ọwọ́ mi pọ̀ báyìí. N ó dìde, n ó máa lọ, kò ní ba nǹkan kan jẹ́ láàárín wa.”

Ó dúró. Àbdùlsàmàd ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ Tájù kò fún tirẹ̀. Ó rọra yọ ọ́ kúrò, ó gbé e sókè, ó gbé e lé ètè Bámiṣayọ̀, ó sì fi ìka tẹ ètè ìsàlẹ̀ náà wálẹ̀ bí ẹni tó ń la ẹnu ọmọ kó lè mu àgbo.

Bámiṣayọ̀ sọ ọ́. Ó sọ ti ẹṣin, ti yàrá Ìbàdàn, ti bàbá àgbà tó jẹ́ alfa. Kò fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó ní, “Bàbá rẹ kò jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni rí òun níbẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀, èmi kàn ń la ẹnu ni. Lọ́jọ́ Sunday, bó bá gbà bẹ́ẹ̀, n ó fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún àwọn ará ilé mi pẹ̀lú.” Tájù mi orí, ó tún un mì. Ni Bámiṣayọ̀ bá yọ fóònù, ó wá fíìmù náà rí, ó tẹ̀ ẹ́.

Eruku ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹṣin, lẹ́yìn rẹ̀ ni géńdé ọkùnrin tó fi fìlà bo ojú. Ọkùnrin náà la ẹnu.

Àbdùlsàmàd dìde dúró. Ó tún jókòó, ó sún mọ́ ọn, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí fóònù náà. Láti àgbàlá níta, ẹsẹ̀ ń dún gìrìgìrì, àwọn ọmọ rẹ̀ já wọ yàrá, èyí tó kéré jù sì ń ké pé, “Bàbá àgbà ti sọ̀rọ̀! Bàbá àgbà ti sọ̀rọ̀!” Wọ́n wo orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n rí i pé ẹnu bàbá àgbà kò mì. Wọ́n wo fóònù, wọ́n rí ọkùnrin tí wọn kò mọ̀. Ojú wọn dàrú.

“Ṣé ẹ̀yin nìyí?” Àbdùlsàmàd béèrè, kò gbé etí kúrò.

“Èmi ni.”

Ọmọ náà wo arúgbó tó jókòó tì í, ó wo ẹni tó wà lórí ẹṣin, ó sì gbìyànjú láti gbọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu yẹn. Kò ṣeé ṣe. Ó na ọwọ́, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo dígí náà, ẹṣin, fìlà, ojú, gbogbo rẹ̀. Abẹ́ ìka rẹ̀ ni ohùn Tájù ti ń jáde wá.

“Ẹ má bínú, bàbá,” ó ní. “Ojú yín ni kò jẹ́ kí n gbọ́ wọn dáadáa.”

“Bò ó,” Bámiṣayọ̀ sọ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú fún un kó má bàa mì.